Dúdú Ọrùn Ọmọ Yẹn Kì í Ṣe Ìdọ̀tí: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Olùṣọ́-Àgùntàn Ìjọ Yorùbá ní Gúúsù London

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa nínú Olúwa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìsìn, ẹ kú àmójútó agbo. Mo mọ̀ pé ìwé ti pọ̀ lórí tábìlì yín: ti lándílọ́ọ̀dù, ti káńsù, ti àwọn aládùúgbò tó ní ìlù wa kò jẹ́ káwọn sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tèmi náà kún un, kí ẹ sì kà á kí ìkórè ọdún yìí tó dé, nítorí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Àwọn alátọ̀gbẹ ni mò ń tọ́jú láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, ẹ̀ka àwọn ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ìjọ tiwa. Ojú mi ń rí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ó sì ń rí ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọmọ ọdún mẹ́fà tí gbogbo èèyàn ń fà lẹ́rẹ̀kẹ́ ni mò ń rí. Lọ́jọ́ Ajé, ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀ mọ́ bóyá òkúta lòun ń tẹ̀ tàbí kápẹ́ẹ̀tì. Mo máa ń bi irú wọn pé ìgbà wo ni wọ́n ti ń tóbi. Èsì tí mo sì máa ń gbọ́ lẹ́nu púpọ̀ nínú wọn ni pé, "Nọ́ọ̀sì, bí mo ṣe rí láti kékeré nìyí."

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lọ́dún tó kọjá, ìyá kan fà mí sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ìjọ. Ó ti fún mi láṣẹ láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó dorí kodò. Ìyá náà ní, "Sìstá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọrùn ọmọ yìí. Mo ti fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́, mo ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo tún ra ìpara ní Rye Lane, ìdọ̀tí yìí ò lọ." Mo wò ó. Ẹ̀yìn ọrùn náà dúdú ju ojú ọmọ lọ, ó nípọn, ó rí bí aṣọ àrán. Ibi tí kànrìnkàn ti ha á ti bó.

Ìdọ̀tí kọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun kan wà nínú ara tí wọ́n ń pè ní ínsúlínì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa bá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kan ilẹ̀kùn, kí ẹran ara lè ṣí fún un. Bí ọ̀rá bá pọ̀ jù nínú ikùn àti lára ẹ̀dọ̀, ilẹ̀kùn náà kì í tètè ṣí mọ́. Ara á wá máa da ínsúlínì jáde sí i, sí i, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn tí wọn ò dá a lóhùn. Àpọ̀jù ínsúlínì yẹn ló ń mú kí awọ ọrùn àti abẹ́ abíyá nípọn, kó sì dúdú. Ọmọ náà kò tíì ní àtọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ ti mọ àdírẹ́sì ilé wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìyá yẹn kò bìkítà. Ọmọ tí wọ́n ń fi kànrìnkàn fọ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ kì í ṣe ọmọ tí wọ́n pa tì. Òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ mẹ́ta. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló ń jáde lọ ṣọ́ àwọn arúgbó lóru, aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ń wọlé. Owó oúnjẹ alẹ́ ló ń fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, ṣọ́ọ̀bù adìẹ díndín sì wà nísàlẹ̀ ilé. Adìẹ, chips, àti agolo ohun mímu kan. Ta ló máa dá a lẹ́bi? Èmi kọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa nípa ohun tí ojú wa ti mọ́. Nílé Yorùbá, ọmọ tó sanra ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ mọ ọmọ tọ́. "Ara ọmọ yìí mà ti yọ̀ o!" Oríyìn ni. Bí ọmọ bá tẹ́ẹ́rẹ́, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú burúkú wo ìyá rẹ̀. Ọgbọ́n wà nídìí rẹ̀ níbi tó ti ṣẹ̀ wá. Ẹni tó bá rántí ìgbà SAP, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tó mú kí nǹkan wọ́n ní Nàìjíríà, tó rántí ọmọ tí èèyi mú tó gbẹ bí ẹja láàárín ọ̀sẹ̀ kan, á mọ̀ pé ọ̀rá ara ọmọ ni owó ìpamọ́ tí àìsàn yóò ná. Àwọn àgbà sì ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.

Òwe yẹn kò bá wa wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ní London, ebi ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ ò bùṣe. Aṣọ ló pààrọ̀. Ẹran ara ló gbé wọ̀.

Ohun tó ń tan ojú wa jẹ nìyẹn. Ní Èkó, bí ẹ bá rí ọmọ tó sanra gan-an, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dírẹ́bà ló ń gbé e lọ sílé-ìwé. Níbí, òdìkejì ni. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2005/06 ni ìjọba England ti ń wọn àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba lẹ́ẹ̀mejì: ní Reception, nígbà tí wọ́n wà ní ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, àti ní Year 6, nígbà tí wọ́n wà ní mẹ́wàá sí mọ́kànlá. Ní 2023/24, ìdá 9.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Reception ni wọ́n kà mọ́ àwọn tó sanra jù. Ní Year 6, ìdá 22.1 ni. Ní àdúgbò tí ìṣẹ́ pọ̀ sí jù, iye irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti àdúgbò olówó lọ. Bí wọ́n bá sì tò ó ní ẹ̀yà ẹ̀yà, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ló máa ń wà lókè. Kì í ṣe pé àwọn òyìnbó olówó ló mọ ìkóra-ẹni-níjàánu jù wá lọ. Ọgbà ìṣeré wà lẹ́yìn ilé wọn. Ìyá tiwa ń gbé ní àjà keje, líìfútì ti bàjẹ́, ó sì ń bẹ̀rù ọ̀bẹ ìta ju ìsanra lọ. Èmi náà á bẹ̀rù ọ̀bẹ. Ó ti ọmọ mọ́lé, ó gbé fóònù fún un. Àwọn mìíràn tún wà tí físà wọn kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan owó ìrànwọ́ ìjọba, bó ti wù kí owó orí tí wọ́n ń san pọ̀ tó.

Wàyí o, àwọn kan nínú yín á sọ pé ara ọmọdé ni, bó bá ga á fà á yọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu díákónì tiwa. Nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn mẹ́ta fún yín nípa bí ara ṣe ń rántí.

Àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí a ń gbé yìí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Britain ń wọn ṣúgà fún ará ìlú, wọn ò sì dáwọ́ rẹ̀ dúró títí di oṣù September 1953. Bí wọ́n ti dá a dúró báyìí, ṣúgà tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ fò láti nǹkan bíi gíráàmù 40 lọ sí nǹkan bíi 80. Ní 2024, àwọn olùwádìí gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn èèyàn tó lé ní 60,000 tí wọ́n bí ní àsìkò yẹn, àwọn kan ṣáájú, àwọn kan lẹ́yìn. Àwọn tó wà nínú oyún tí wọ́n sì lo ọdún àkọ́kọ́ ayé wọn nígbà tí wọ́n ṣì ń wọn ṣúgà, ewu àtọ̀gbẹ wọn fi nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tó kù, ti ẹ̀jẹ̀ ríru sì fi nǹkan bí ìdá 20 dín. Àádọ́ta, ọgọ́ta ọdún ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà o. Àwọn fúnra wọn kò lè rántí bí oúnjẹ ìgbà yẹn ṣe rí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ara wọn kò gbàgbé.

Ìkejì wá láti ilé. Ní Enugu, wọ́n yẹ èèyàn 1,339 wò, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 2010. Àwọn tí wọ́n bí nígbà ìyàn ogun Biafra ti ń sún mọ́ ogójì ọdún nígbà náà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ìsanra sì pọ̀ láàárín wọn ju ti àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun lọ. Ebi ló ṣe èyí, kì í ṣe àjẹjù. Ara tí wọ́n fi ebi mọ nínú ikùn ìyá kò mọ bí yóò ṣe ṣe oúnjẹ púpọ̀ nígbà tó bá dé. Gbogbo ohun tó bá wọlé ló ń tọ́jú pa mọ́. Mo mú un wá nítorí ìyá aláboyún tó ń febi pa ara rẹ̀ nítorí pé owó ilé ti gbé gbogbo owó oṣù lọ. Ọ̀rọ̀ ìsanra ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ra adìẹ díndín.

Ìkẹta wúwo díẹ̀. Ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Bogalusa, ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, dókítà kan tó ń jẹ́ Gerald Berenson bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn ọmọ ìlú náà ní 1973, dúdú àti funfun. Ó ń wọn wọ́n, ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ọdún ń gorí ọdún. Bí ayé ṣe rí, àwọn kan kú lọ́mọdé àti lọ́dọ̀ọ́, púpọ̀ nínú wọn nínú jàǹbá. Ní 1998 ìròyìn jáde lórí òkú 204 tí wọ́n yẹ̀ wò, láti ọmọ ọdún 2 títí dé ẹni ọdún 39. Ọ̀rá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ inú òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn láti kékeré. Bí ẹni náà bá ṣe sanra tó nígbà ayé rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru tó, tí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó lẹ̀ níbẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Àwọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò pè ní aláìsàn.

Bí àtọ̀gbẹ irú kejì bá wá dé lọ́mọdé, kì í rọra ṣe bó ṣe ń ṣe fún ẹni ọgọ́ta ọdún. Wọ́n tẹ̀ lé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2021. Nígbà tí wọ́n fi máa jẹ́ ẹni nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ti ní ó kéré tán ìṣòro kan ní kíndìnrín, ní ojú tàbí ní iṣan. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Ọjọ́ orí tí ẹ fi ń gbàdúrà ọkọ àti aya fún wọn lórí pèpéle.

Ṣùgbọ́n kàdárà kọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Ní 2011, wọ́n kó iṣẹ́ ìwádìí mẹ́rin jọ, ti Bogalusa wà nínú rẹ̀, èèyàn 6,328 tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé láti kékeré. Ọmọ tó sanra jù ní kékeré tí kò sanra jù mọ́ nígbà tó dàgbà, ewu àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ẹni tí kò sanra rí dọ́gba. Ara ń rántí, ṣùgbọ́n ó ń dárí jì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé bí ọmọ bá ti wọ ọdún ìbàlágà pẹ̀lú ìsanrajù, nǹkan bíi mẹ́rin nínú márùn-ún ló máa ń gbé e dàgbà. Nítorí náà, ọdún tó ṣe pàtàkì jù ni ọdún tó ṣáájú ìbàlágà. Ẹ kà á wò: láti ọdún mẹ́ta sí mọ́kànlá. Àwọn ọdún Sọ́ńdè Sùkúù yín gan-an nìyẹn.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ti lẹ́tà ilé-ìwé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá wọn ọmọ tán, wọ́n máa ń fi èsì ránṣẹ́ sílé, ọ̀pọ̀ ìyá ló sì ń ya á. "Òṣùwọ̀n òyìnbó ni. Egungun wa wúwo." Mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn ò purọ́ tán. Àwọn olùwádìí ní St George's, ní Tooting níbí, ti fi hàn ní 2017 pé òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò, ìyẹn BMI, èyí tó ń fi ìwọ̀n ara wé gíga, máa ń bu ọ̀rá lé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ju èyí tó wà lára wọn lọ. Nítorí náà, àwọn kan wà nínú àwọn ọmọ wa tí lẹ́tà náà pè ní asanrajù tí wọn kò sanra jù. Àwọn ìyá wa jàre níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ní ilé-ìwé London, Birmingham àti Leicester, wọ́n sì rí i pé ínsúlínì àti àmì ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ti ga ju ti àwọn ọmọ òyìnbó lọ ní ọjọ́ orí yẹn. Bí àwa àgbà náà ṣe rí nìyẹn: NICE, àjọ tó ń la ọ̀nà fún àwọn dókítà ilẹ̀ yìí, ti ní kí wọ́n fi BMI 27.5 ṣe ààlà ìsanrajù fún àwọn aláwọ̀ dúdú, nígbà tí ti òyìnbó jẹ́ 30, nítorí àtọ̀gbẹ kì í dúró dè wá kí á tó tóbi tó wọn. Òṣùwọ̀n ń rẹ́ wa jẹ níhìn-ín, ó ń tàn wá lọ́hùn-ún. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn okùn ju òṣùwọ̀n lọ. Ẹ fi okùn wọn gíga ọmọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ ṣẹ́ okùn náà po sí méjì, kí ẹ fi yí ikùn ọmọ ká. Bí okùn kò bá lè yí i ká, ẹ jẹ́ kí dókítà GP gbọ́. Fún àgbà náà, okùn kan náà ni. Ẹ lè fi wọn ara yín lálẹ́ òní, ẹ ti ìlẹ̀kùn yàrá.

Ó wá ku tiwa nínú ìjọ.

Mo jókòó lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo ka ohun tó wọ ẹnu ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ní ìjọ tiwa láti aago mẹ́wàá sí aago mẹ́ta. Ó ka ẹsẹ Bíbélì sórí, wọ́n fún un ní súwíìtì. Bísíkíìtì àti omi èso inú páálí fún ìpanu. Ọjọ́ ìbí ọmọ kan bọ́ sí i, wọ́n gé kéèkì. Lẹ́yìn ìsìn, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹran díndín méjì, pọ́fù-pọ́fù, mọ́ọ̀tì ìgò kan. Nígbà tó ń lọ sílé, ẹnìkan fi ọ̀rá ìdúpẹ́ tó kún fún chin-chin àti agolo Coke kan lé e lọ́wọ́. Agolo Coke kan nìkan, gíráàmù 35 ṣúgà ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo ṣúgà àfikún tó yẹ kí ọmọ ọdún méje sí mẹ́wàá jẹ láti àárọ̀ dé alẹ́, 24 ni NHS pè é. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀. N kò rí ẹnìkan tó fẹ́ pa ọmọ yẹn lára. Kódà èmi ni mo fún un ní súwíìtì.

Ṣúgà wà nínú ohun tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ, mo mọ̀. Ìtọ́wò la fi í ṣe. Àwọn baba wa kò da kọ́ọ̀bù kan sí ọmọ lẹ́nu kí ayé rẹ̀ lè dùn. (Oyin náà ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kan ètè bàbá àti ìyá, ẹ má fi kan ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Kòkòrò kan wà tó máa ń wà nínú oyin tó lè ṣe ìkókó ní jàǹbá ńlá.)

Èyí tó dùn mí jù kì í ṣe oúnjẹ. Ọmọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé òun ni Gòláyátì nínú eré Kérésìmesì àti eré ìparí ọdún wa lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn. Bí Dáfídì bá ti ju òkúta, gbogbo ìjọ á rẹ́rìn-ín títí, òun náà á ṣubú gbì, á rẹ́rìn-ín. "Órobó wa!" Lọ́dún kẹrin, ó ní inú ń run òun. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, kò bá àwọn ọmọ yòókù sá eré mọ́. Ọmọ tí ojú bá ń tì kì í sáré, kì í wẹ odò, kì í bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Yàrá ló ń wọ̀, ó ń fi ìpanu tu ara rẹ̀ nínú. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ tèmi mọ ibi tí ọ̀nà yẹn ń já sí. Ọmọ yẹn kò dá oúnjẹ kankan sè rí láyé rẹ̀. Àwa la tẹ́ tábìlì, òun la fi ṣe ẹ̀sín.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ jẹ́ kí omi jẹ́ ohun mímu kan ṣoṣo ní ẹ̀ka ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀bùn ẹsẹ Bíbélì jẹ́ pẹ́ńsù tàbí bọ́ọ̀lù. Níbi àríyá, kí ẹ̀fọ́ wọ kúlà kí ìrẹsì tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀fọ́ rírò kì í ṣe oúnjẹ òyìnbó, kí ló dé tí a fi ń bọ́ àwọn àgbà pẹ̀lú rẹ̀ tí a sì ń bọ́ ọmọ pẹ̀lú chips? Kí ẹnikẹ́ni má pe ọmọ ní órobó láti orí pèpéle, kódà pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ má sì ní kí ọmọ gbààwẹ̀ nítorí ìsanra! Mo sọ èyí nítorí mo ti gbọ́ ọ. Ọmọ tó ń dàgbà kò nílò ebi. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí a ń wá ni pé kí ìwọ̀n rẹ̀ dúró níbi tó wà, kí gíga wá bá a.

Gbọ̀ngàn yín ńkọ́? Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di ìgbà ìpàdé àdúrà, púpọ̀ nínú wọn ló wà ní títì. Yunifásítì Roehampton kà á ní 2013 pé ìjọ aláwọ̀ dúdú tó lé ní 240 ló wà ní Southwark nìkan. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá wọn bá ṣí gbọ̀ngàn fún ọmọ láti ta bọ́ọ̀lù àti láti fo okùn, ọ̀bẹ ò ní bá wọn níbẹ̀, ìyá tó ń lọ síṣẹ́ alẹ́ á sì ní ibi tí yóò fi ọkàn sí.

Òmíràn kan wà tí ẹ mọ̀ jù mí lọ, ìyẹn ìwé kíkọ sí káńsù. Bí wọ́n bá fẹ́ dín ibi ìpáàkì yín kù, ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo ìjọ ń fọwọ́ síwèé. Ètò ìlú London tí wọ́n gbé jáde ní 2021 ti sọ pé kí wọ́n má ṣe fàyè gba ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ gbígbé-lọ tuntun ní ibi tí kò tó mítà 400 sí ilé-ìwé. Àwọn oníṣọ̀ọ́bù ṣì ń béèrè, káńsù ṣì ń gbé ìwé ìbéèrè náà síta kí ará àdúgbò sọ tẹnu wọn. Mo ń wo àwọn ìwé náà. N kò rí orúkọ pásítọ̀ kan níbẹ̀ rí.

Ẹ má sì rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lágbára. Ní April 2018, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ohun mímu aládùn, 18p tàbí 24p lórí lítà kan, bí ṣúgà inú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ sí. Kí owó yẹn má bàa kàn wọ́n, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ yára dín ṣúgà wọn kù. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Cambridge wò ó lẹ́yìn náà: ìsanrajù láàárín àwọn ọmọbìnrin Year 6 fi nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí bí ì bá ti rí. Kò sẹ́ni tó wàásù fún ọmọbìnrin kankan. Kò sẹ́ni tó bú ìyá rẹ̀. Ohun tó wà nínú ìgò ni wọ́n yí padà. Láti September 2023 bákan náà, Olórí Ìlú London ti ń sanwó oúnjẹ ọ̀sán fún gbogbo ọmọ Year 3 sí Year 6 ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, láìbi òbí wọn ní físà. Ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀, ẹlòmíràn ti bá wa tẹ́ tábìlì kan tó dára. Ọjọ́ keje wà lọ́wọ́ yín.

Ìyá ọmọ tí ọrùn rẹ̀ dúdú yẹn ti sọ kànrìnkàn náà nù. Dókítà ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Ṣúgà rẹ̀ wà lẹ́nu ààlà, kò tíì kọjá. Ọmọ náà ń bá mi fo okùn lẹ́yìn ìsìn báyìí, ó sì ń borí mi, èyí tí kò ṣòro. Ṣùgbọ́n ọmọ bíi mẹ́rìnlá wà nínú kíláàsì wa, ilé ìdáná ìjọ sì wà ní títì mọ́ wa láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi nítorí àwọn ẹgbẹ́ alásè nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́. Mo ti ra jọ́ọ̀gì mẹ́rin, mo ti ra kọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin Pásítọ̀ tèmi, tí ẹ bá ka ibí yìí dé, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin ni mò ń bá wí: ẹ fún wa ní kọ́kọ́rọ́ kejì.

Ọmọ yín nínú Olúwa,
Nọ́ọ̀sì ẹ̀ka àwọn ọmọdé, Camberwell